Fọ́tò Etí Omi Tí Màmá Mi Dìde Sí

Òórùn epo ẹ́ńjìnnì àti ti igi tútù ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní èbúté kékeré tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí òdìkejì omi ti ń gbéra ní Libreville. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òórùn igi náà á tún le sí i, nítorí àwọn gẹdú okoumé tó já kúrò lára èyí tí wọ́n ń fà lọ sí èbúté Owendo máa ń léfòó wá sí etí omi, wọ́n á sì wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi jẹrà. Títí dòní, bí mo bá kọjá níbi tí káfíńtà ti ń la igi, màmá mi ni mo máa ń rántí, bí wọ́n ṣe jókòó síwájú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n máa ń wọ̀ féèyàn kó má bàa rì, tí wọ́n di báàgì wọn mú bíi pé ẹja ló fẹ́ jí i.

O mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà yẹn: fọ́tò pélébé fún carte de séjour, ìwé ìgbélùú àwọn àjèjì, ìgbéyàwó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó gba kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́. Iṣẹ́ náà ò tì mí lójú, ó kàn ti sú mi ni. Obìnrin kan tó ń tún òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe ló wá pè mí. Ó fẹ́ fọ́tò gbàgàdà kan fún ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, etí omi ìlú wa látòkè délẹ̀, bó ṣe rí lójú ẹni tó wà lórí omi. Ó ní òun ò fẹ́ èèyàn kankan nínú rẹ̀, òun fẹ́ kó mọ́. Ọjọ́ Ajé ló fi àdéhùn sí. Bí mo bá rí i yà, fọ́tò gbogbo yàrá òtẹ́ẹ̀lì náà yóò tẹ̀ lé e. Bí mi ò bá rí i yà, a jẹ́ pé fọ́tò pélébé ṣì ń dúró dè mí nílé.

Ìmọ́lẹ̀ ló ṣòro. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣe ni ojú ọ̀run wa máa ń dà bí ìkòkò tí wọ́n dé, ohun gbogbo á rí bàìbàì. Àsìkò òjò nìkan ni afẹ́fẹ́ máa ń mọ́ kedere, ìyẹn tí òjò bá tètè dá lọ́sàn-án, kí oòrùn tó wọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi wo ọ̀run bí àgbẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ló tó dá.

Màmá mi ti wà ní Libreville kí wọ́n tó bí mi. Àdúgbò Kalikak ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni wọ́n ń tà fún àwọn téélọ̀. Nínú gbogbo ọdún yẹn, mi ò rí i kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi òkun rí. Bí a bá lọ sí etí omi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n á máa wo àwọn tákísì tó ń kọjá. Mo rò pé torí pé ará Ṣakí ni wọ́n ni, níbi tí òkun ò sí. Àmọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ pé mo fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sáàárín omi, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa.

“Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun,” wọ́n ní. “A jọ ń lọ ni.”

“Màmá, ẹ̀rù omi ń bà yín.”

“Ẹ̀rù tìẹ ló ń bà mí.”

Ọmọ Benin ni atukọ̀ wa, Nàgó ni. Ó kí màmá mi dáadáa, ó di okùn ẹ̀wù náà fún wọn, ó wá yíjú sí mi: “Ma sœur, palais-là, fi sílẹ̀ o.” Ta ni ò mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn ya fọ́tò ààfin ààrẹ? Mo ti wọn ibi tí fọ́tò mi yóò parí sí kí n tó kúrò nílé.

Nígbà tí a jìnnà díẹ̀, mo wẹ̀yìn, ẹnu yà mí. Ìlú tí mo rò pé mo mọ̀ dunjú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ti ń rí. Láti orí omi, àwọn òkè ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àwọn ilé gíga tò síwájú wọn, gíláàsì wọn ń gba oòrùn, páànù tó tutù ń dán, àwọn igi àgbọn dúró létí ọ̀nà. Àánú rẹ̀ ṣe mí lójijì, bí ìgbà téèyàn bá rí ẹni tó mọ̀ níbi tó ti ń sùn. Mo ní kí màmá mi tẹrí ba díẹ̀, mo sì gbé kámẹ́rà sójú. Ìkùukùu dúdú kan ti ń bọ̀ láti apá òsì, mo mọ̀ pé kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Àfi bí màmá mi ṣe dìde dúró gbọnrangandan.

“Màmá, ẹ jókòó, ẹ ti wọ inú fọ́tò.”

Wọ́n ṣì dúró. Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọwọ́ wọn nà sí etí omi, síbi tí odò kékeré kan ti ń jáde wọ inú òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé funfun kan tí òrùlé rẹ̀ pupa.

“Ibẹ̀ nìyẹn,” wọ́n ní. “Ibi tí wọ́n já wa sí.”

Mo béèrè pé ta ló já ta. Wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ fún mi rí. Bàbá mi ti ṣáájú wá, ó ń ṣiṣẹ́ igi. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn gbà láti Cotonou wá bá a, ọjọ́ pọ̀ lórí omi. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, ọlọ́kọ̀ kọ̀ láti súnmọ́ ilẹ̀ kí àwọn agbófinró má bàa rí i, ó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbi tí omi ti dé àyà. Ilé funfun yẹn ni màmá mi tẹjú mọ́ títí ẹsẹ̀ wọn fi kan iyanrìn. Láti ìgbà náà, wọn ò mọ apá ibi tó jẹ́ nínú ìlú, nítorí ẹ̀yìn ilé náà ló kọ sí títì, abẹ́ afárá sì ni odò náà ń gbà. Wọ́n ti bá tákísì kọjá níbẹ̀ àìmọye ìgbà.

“Oyún rẹ ti pé oṣù márùn-ún,” wọ́n ní. “Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú omi.”

O mọ̀ mí. Èmi tí mo máa ń fi “moi, je suis née ici”, pé ibí ni wọ́n bí mi sí, pa ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé níbo ni mo ti wá lẹ́nu mọ́. Èmi náà la òkun yẹn kọjá. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni méjèèjì dé.

Atukọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé a sọ fún un. Oòrùn ṣì wà lára ìlú. Bí mo bá ní kí wọ́n jókòó nígbà yẹn, iṣẹ́ mi ti bọ́ sọ́wọ́ nìyẹn. Mo tẹ kámẹ́rà bí wọ́n ṣe dúró, tìlú-tìlú, tẹ̀wù ọsàn, tọwọ́ tó nà. Lẹ́yìn náà ni ìkùukùu dé, ohun gbogbo sì ṣókùnkùn.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin òtẹ́ẹ̀lì wo fọ́tò náà pẹ́. Ó ní ó dára gan-an, àmọ́ kì í ṣe ohun tí òun bẹ̀ mí. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, Ọlọ́run sì tún ṣí ọ̀run nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Màmá mi ò bá mi lọ. “Máa lọ, mo ti rí tèmi,” ni wọ́n wí. Fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ náà ló wà lára ògiri òtẹ́ẹ̀lì, ó tóbi, ó mọ́ tónítóní, iṣẹ́ àwọn yàrá sì tẹ̀ lé e lóòótọ́. Mo máa ń yà wò ó nígbà míì. Àwọn àlejò ń gbé báàgì wọn kọjá níwájú rẹ̀.

Èyí tí màmá mi dìde sí, a fi gíláàsì bò ó, a gbé e kọ́ sókè síìpù ní ṣọ́ọ̀bù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, téélọ̀ kan láti Benin tó wá ra òwú dúró tì í, ó sì fi ìka kan gíláàsì náà. “Ìyá, ní tèmi, apá ibí ni wọ́n já wa sí,” ó ní, “lẹ́bàá òkúta yìí.” Obìnrin kan tẹ̀ lé e, tirẹ̀ jìnnà díẹ̀ sápá ọ̀tún. Àwọn tó ti ń ra bọ́tìnnì níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìsọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé ẹrẹ̀ ibi tí ta ni sọ̀ kalẹ̀ sí ló pọ̀ jù, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé ìlú tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ ló mọ́. Nígbà yẹn, èmi ni mo máa ń nu gíláàsì náà láràárọ̀ Sátidé, torí àmì ìka máa ń kún un.

Lọ́jọ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù ṣófo, mo gbé ìka tèmi náà lé ẹnu odò kékeré yẹn. Màmá mi ń wò mí láti ìdí kàǹtà. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti nu gíláàsì yẹn mọ́.