Sálọ̀n Ṣẹ́ẹ̀fù

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń kọ èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti jókòó tì mí látàárọ̀ pẹ̀lú bíìkì ìkọ̀wé lọ́wọ́, ohun tí mo sọ kò tíì kún ojú ewé kan. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó wà nínú ìwé, torí ọ̀rọ̀ ìwé ni wọ́n fi bà mí lórúkọ jẹ́.

Mi ò lọ sílé ìwé. Iṣu ni mo ń gbìn ní Akofodjoulè títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, kí n tó rí iṣẹ́ ṣíṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbí, nísàlẹ̀ òkè. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, èmi ni mo ń wo inú báàgì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ń jáde. Mi ò lè kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ ìwé. Mo mọ èyí tó nípọn, mo mọ èyí tí ikán ti jẹ létí, mo mọ èyí tó ní ẹ̀yìn pupa.

Ẹni tó ń darí ilé ìkàwé náà, ṣẹ́ẹ̀fù la máa ń pè é. Ọmọ tí mo lè bí ni. Nígbà yẹn, “bàbá mi” ló ń pè mí. Lọ́jọ́ Ẹtì, tí iṣẹ́ bá parí, á di ìwé sínú páálí, á ní, “Bàbá mi, ẹ bá mi ru eléyìí délé.” Ilé rẹ̀ wà lókè, níbi tí ọ̀kadà zémì ò lè gùn dé nítorí àpáta. Mo máa ń rù ú, òun á máa tẹ̀lé mi, fóònù á wà létí rẹ̀. Inú sálọ̀n rẹ̀, níbi tó ti ń gba àlejò, ni mo ń sọ̀ ọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifísọ̀n. Lílọ ni mo ń rù ú. Mi ò ru ọ̀kan bọ̀ rí.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Nígbà tí mo kéré, tí à ń ru iṣu lọ sọ́jà Glazoué, bàbá mi kọ́ mi pé ẹni tó bá ru ẹrù ẹlẹ́rù kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi tí wọ́n bá bi í. Bí a ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wá ka iye ìwé tó wà. Ó dín, ó dín púpọ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù nàka sí mi lójú gbogbo èèyàn.

“Òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí lẹni tí kò mọ̀wé fẹ́ fi ìwé ṣe? Á ti tà á fún àwọn tó ń fi ojú ewé di ẹ̀pà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní ìgbálẹ̀ àti ike omi tí màá máa gbé fún àwọn òṣìṣẹ́ mu. Láti ọjọ́ yẹn, “bàbá yìí” ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo ni ìyàwó mi ti gbọ́ pé olè lọkọ òun. Ó bi mí, mo sọ fún un. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ níta. Mo ní wọn ò bi mí. Ó kú lọ́dún yẹn, àwọn tó wá sin ín ṣì ń wò mí bí olè. Fadá ní kí n dárí ji ọkùnrin náà. Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ ni mo gbọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ní gbogbo ilé ìkàwé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa jọ lo ètò kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Lójísíyẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Ìwé tó bá wà lọ́dọ̀ wa, ẹni tó wà ní Parakou á rí i, ẹni tó wà ní Kùtọnu á rí i. Wọ́n rán ọmọbìnrin kan wá láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa bí wọ́n ṣe máa tò ó. Ọmọ Kétu ni. Faransé ló fi ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n tó bá rí i pé kò yé ẹnì kan, á fi èdè wa tún un sọ. Òun nìkan ló ń dìde gba omi lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ kìíní, wọ́n to iye ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi mú ìwé. Ọjọ́ kejì, wọ́n to àyè. Ọmọbìnrin náà ní gbogbo ibi tí ìwé bá ń gbé gbọ́dọ̀ ní orúkọ nínú ẹ̀rọ, bó tiẹ̀ jẹ́ orí àga ni ìwé wà. Wọ́n ń dárúkọ wọn: yàrá ìkàwé, yàrá ìwé ìròyìn, sítọ́ọ̀. Ó wá kan àwọn ìwé tí wọn ò rí.

“Ìyẹn rọrùn,” ni ṣẹ́ẹ̀fù wí. “Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n jí i. Olè wà lẹ́nu ọ̀nà wa nígbà kan.” Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbá yìí?”

Ike omi wà lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ ti pẹ́ jù níbí. Ṣé ibì kan ṣì kù tí ìwé ń gbé tí a ò tíì dárúkọ?”

Ó ti bi mí. Mo gbé ike kalẹ̀.

“Ó ku ọ̀kan, ọmọ mi. Sálọ̀n ṣẹ́ẹ̀fù.”

Ṣẹ́ẹ̀fù nàka sí mi.

“Bàbá yìí, ẹ ṣọ́ ẹnu yín o.”

“Ẹnu ọ̀nà lo fi mí ṣọ́,” ni mo wí. “Mo sì ṣọ́ ọ.”

Mo wá kà wọ́n fún ọmọbìnrin náà: èyí tó nípọn tó ní ẹ̀yìn pupa, mẹ́ta tó jọra bí ìbẹta, èyí tí ikán jẹ létí, èyí tí wọ́n ya afárá sí níwájú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni obìnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ń wá a nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́. “Ó wà níbí. Èyí náà wà níbí. Kò sí lórí pẹpẹ.”

“Sálọ̀n kì í ṣe ilé ìkàwé,” ni ṣẹ́ẹ̀fù wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ibi tí ìwé bá ń gbé la máa kọ, ọ̀gá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ láàárọ̀ yìí ni.” Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ: Sálọ̀n Ṣẹ́ẹ̀fù. Ó to àwọn ìwé náà síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Oòrùn ò tíì kanrí tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún. Parakou ń béèrè pé irú yàrá wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé akẹ́kọ̀ọ́ àwọn kan fẹ́ wá ka ìwé níbẹ̀, ṣé ìjókòó wà. Mo ń gbálẹ̀. Mo gbá ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n lè gbọ́ ọ tán.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ mi padà. Ṣẹ́ẹ̀fù ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun ru páálí bọ̀. Mo ní ọrùn ń dùn mí. Òun fúnra rẹ̀ ló rù ú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, lẹ́ẹ̀mẹrin, nínú oòrùn, tí àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà ń kí i kú ẹrù. Orí àga mi lẹ́nu ọ̀nà ni mo wà. Gbogbo ìwé tó gbé wọlé, mo ní kó fi hàn mí.

Ó ku ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà ti ṣàlàyé kó tó lọ pé orúkọ àyè kan kò lè kúrò nínú ẹ̀rọ tí ìwé kan ṣoṣo bá ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, Sálọ̀n Ṣẹ́ẹ̀fù ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ilé ìkàwé ń rí i. Ọkùnrin náà ti tú ilé rẹ̀ síta. Ó ti bú ìyàwó rẹ̀. Kò rí ìwé náà.

Mo mọ ibi tó wà. Ọjọ́ tí mo ru páálí ìkẹyìn lọ, wọ́n ní kí n lọ bu omi mu, mo sì rí i ní kọ̀rọ̀ kíṣíìnì: wọ́n ti fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ fìríjì tó ń mì. Ọmọ ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí òun lọ sọ ọ́ fún un. Mo ní kó jókòó. Ohun tó ń kọ yìí, abẹ́ ìrọ̀rí mi ló máa wà.

Kí ọkùnrin náà wá fúnra rẹ̀. Kó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ tí èèyàn bá pọ̀, kó sọ pé èmi kọ́ ni olè, kó sọ ọ́ sókè débi tí àwọn tó ń lọ àgbàdo á gbọ́. Kó pè mí ní bàbá rẹ̀, kó wá bi mí. Tó bá bi mí, mo máa sọ.

Ó ń kọjá níwájú mi láràárọ̀, á máa wo ilẹ̀. Mo ń kí i. Kò tíì bi mí.