Abọ́ Omi Lẹ́yìn Ọkọ̀

Òórùn gírísì ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì kan ní Sángo láàárọ̀ yìí ló rán mi létí ọ̀sán kan ní kékeré mi tí Bàbá mi ní kí wọ́n pààrọ̀ sípíríìnì ọkọ̀ wọn. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ni, ó ń bú ramúramù, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ìdí rẹ̀ ń ha ilẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa sáré tẹ̀lé e.

Mẹ́káníìkì fi sípíríìnì gígùn tó rọ̀ sí i, ọkọ̀ bá ga gọgọrọ. Mẹ́káníìkì náà mirí.

"Bàbá Bùkọ́lá, ẹ ti ba ẹwà ọkọ̀ yìí jẹ́ o."

"Jẹ́ kó burẹ́wà," ni Bàbá mi wí.

Wọ́n bu omi kún abọ́, wọ́n gbé e lé mi nítan ní ìjókòó ẹ̀yìn, a sì gba ọ̀nà oníkòtò tó lọ sí Ìgbẹsà. Omi dà sí mi láṣọ. A padà, mẹ́káníìkì tún un ṣe. Nígbà tí a tún lọ, ẹ̀kán kan ò dà. Ojú Bàbá mi kún fún omijé. Èmi rò pé omi la fẹ́ máa tà kiri.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé oyún méjì ti bàjẹ́ lára Màmá mi ṣáájú èyí tó wà ní ikùn wọn lọ́jọ́ náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá mi jókòó síbi tí mo ti jókòó. Bàbá mi rọra wa ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ọsibítù, bí ẹni pé abọ́ omi náà ṣì wà níbẹ̀.