Fóòmù Ìyá Ọkọ Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé sàráà kì í dá ìjà sílẹ̀, màá ní kó lọ jókòó. Mo jẹ nínú sàráà ọ̀hún, mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ọmọ Ìfọ́n ni mí, Ìlobù ni mo ti lọ́kọ. Kò sí ohun àjèjì níbẹ̀. Ta ni kò ní àna lódìkejì nínú àwa ìlú méjèèjì? Oko wa pààlà, ọjà kan náà là ń ná, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan ni kì í tán nílẹ̀. Nígbà tí ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sun ilé tí ọkọ mi kọ́ kó tó kú, mi ò tilẹ̀ dúró wo ẹni tó ṣá ìṣáná. Mo gbé ìyá ọkọ mi sẹ́yìn ọ̀kadà, èmi náà gùn ún tẹ̀lé e. Gbogbo gàrí tí mo ń tà jóná mọ́lé.

Ilé kéú kan lójú ọ̀nà Òṣogbo ló gbà wá. Ará Ìlobù wà níbẹ̀, ará Ìfọ́n wà níbẹ̀, yàrá kan náà la sì ń sùn. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ bí ọmọ ẹnì kan bá ń ké, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń gbé e. Ìyá ọkọ mi ni ìdààmú tèmi. Ó ti pẹ́ tí ìbàdí ti ń dùn ún, orí sìmẹ́ńtì tútù ló sì ń sùn. Láràárọ̀, èmi àti obìnrin mìíràn la jọ ń fà á dìde. Kì í ráhùn, àmọ́ mo ń rí omi lójú rẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mùsùlùmí kan fi ọkọ̀ kó ìrẹsì, òróró àti fóòmù tí a ń sùn lé wá fún wa láti Òṣogbo, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ìrẹsì wọn ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó yó wa níbẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ibi tí wọ́n ti ṣìṣe ni pé wọn ò mọ̀ wá, wọ́n wá ní kí àgbà kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan bá àwọn pín in, kí ará Ìlobù tò sábẹ́ igi máńgòrò, kí ará Ìfọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kò pẹ́ rárá tí àwa tí a jọ ń sùn fi ń wo ara wa bí ẹni ń wo olè.

Mo tò sábẹ́ máńgòrò. Ọmọ agboolé ọkọ mi ni àgbà tó ń pín in níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, òun ló gbẹnu ẹbí ọkọ sọ fún bàbá mi pé àwọn ò gba ìyàwó, ọmọ ni àwọn gbà. Mo ní fóòmù ìyá wa ni mo wá gbà. Kò wojú mi. Ó ní kí n lọ bá àwọn èèyàn mi, pé bí òun bá gbé fóòmù fún ọmọ Ìfọ́n, àwọn tó tò sẹ́yìn mi ò ní gbà.

Mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àwọn tí wọ́n bí mi sáàárín wọn ní fóòmù náà yóò bọ́ sábẹ́ obìnrin Ìlobù, pé kí n padà síbi tí mo ti lọ́kọ. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ilẹ̀ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ sunlé, èmi ò ní ibi tí mo lè gbin ata sí lórí ẹ̀. Inú bí mi, mo padà wọlé.

Mo ròyìn fún ìyá ọkọ mi. Ó ní kí n fa òun dìde. Ó fi gbogbo ara tì mí, a rọra ń lọ títí a fi dé abẹ́ máńgòrò. Bí àgbà náà ti rí i, ó sáré fa fóòmù kan jáde, ó ní kí Ìyá máa lọ sinmi, òun á wá ẹni tó máa gbé e wá. Ọmọ ọwọ́ ni àgbà yìí nígbà tí ìyá ọkọ mi wọ agboolé wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sùn sí. Síbẹ̀ “ọkọ mi” ló ń pè é, bí obìnrin ilé ti ń pe gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílé ọkọ.

“Ọkọ mi, ẹni tó máa gbé e ló dúró tì mí yìí. Gbé e rù ú.”

Ó bojú wo àwọn tó wà lórí ìlà. Kò gbé e.

“Bí kì í bá ṣe òun ni yóò gbé e, gbé e padà sínú ọkọ̀. Sìmẹ́ńtì ò lé mi.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé fóòmù náà, ó gbé e rù mí lójú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó ń retí. Ní ilé wa, ìyàwó tó gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà ilé ọkọ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo kọjá lára rẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ fún àwọn obìnrin tó kó o wá, tòun ti fóòmù lórí.

A ti padà sí Ìlobù báyìí, inú agboolé kan náà ni èmi àti àgbà náà wà. Òòró ni mo ń dúró kí i.