Àdín Tí Wọ́n Pè Ní Ti Àbẹ̀ní

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò mi kan níbí ní Ìyànà Ọ̀fà gbé ìkòkò kaná lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń dín ekùrọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́, ó sì gbé èéfín náà wọlé wá bá mi. Àwọn ọmọdé tó ń kọjá lọ sí ilé ìwé di imú, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló ń jó. Èmi jókòó síbi tí mo wà. Òórùn àdín nípọn, a máa wọ inú aṣọ, a sì máa gbé ibẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ó bá ti kàn mí nímú, abúlé wa ni ọkàn mi máa ń sá lọ, sí ọyẹ́ ọdún kan tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa sùn dáadáa. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo sì ti dàgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀wé kọ, nítorí náà ẹ fara dà á fún mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Abúlé wa kò jìnnà sí Lálúpọn. Ẹni tó bá kúrò nílé lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀ yóò dé ọ̀hún kí oòrùn tó mú. Ilé díẹ̀ ni, koríko ni a fi bo gbogbo wọn, igi ìyeyè kan sì wà lójúde wa tí adìẹ ń sùn sí. Ìgbà náà ni wọ́n ń la ọ̀nà ojú irin gba agbègbè wa kọjá. Bàbá mi àti àbúrò wọn bá àwọn tó ń wa ilẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a máa ń rí wọn, tí erùpẹ̀ pupa ti bo irun wọn tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ èwo ni bàbá èwo ni àbúrò. Ilé wá di ti obìnrin: Ìyá Àgbà, tí í ṣe ìyá bàbá mi; ìyá mi, tí wọ́n ń pè ní Àdùkẹ́; àti Àbẹ̀ní, aya àbúrò bàbá mi, tí kò tí ì pẹ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Èmi nìkan ni ọkùnrin tó kù. Àbẹ̀ní a máa pè mí ní ọkọ òun, a sì máa rán ọkọ rẹ̀ náà lọ pọn omi.

Ìyá mi lóyún. Kò pẹ́ tí Àbẹ̀ní náà fi lóyún.

Ó yẹ kí inú ilé dùn. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti bí ọmọ méjì lẹ́yìn mi. Ìwọ́ èkíní ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni ó lọ. Èkejì ti ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ti mọ ohùn mi, kí òun náà tó lọ. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti máa ń gbé ọwọ́ lé ikùn bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣà ilé wa kan fún yín. A kì í pèsè sílẹ̀ de ọmọ tí a kò tí ì bí, kí a sì dárúkọ ẹni tí a ń pèsè fún. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ náà lọ́run ń gbọ́, pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé a tẹ́ ẹní de ẹnì kan, wọn yóò wá pè é padà. Síbẹ̀, dandan ni kí àdín wà nílẹ̀, kí osùn wà, kí igi tí a ó fi gbé omi gbígbóná kaná gbẹ. Ohun tí Ìyá Àgbà máa ń ṣe ni pé wọn a pèsè, wọn a sì ní ewúrẹ́ àwọn ló fẹ́ bí. Orúkọ ewúrẹ́ yẹn ni wọ́n fi pèsè fún àwọn ọmọ méjì tó kú. Nígbà tí èkejì lọ, Ìyá Àgbà gbà pé àṣírí ewúrẹ́ ti tú. Ẹ kò sì lè bá wọn jiyàn, nítorí ewúrẹ́ náà ti darúgbó, eyín rẹ̀ ti ká tán, kò sì bímọ rí láyé rẹ̀.

Nítorí náà, ní ọdún tí mò ń wí yìí, Ìyá Àgbà yí ọgbọ́n padà. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe fún ìyá mi, wọn a ní ti Àbẹ̀ní ni. Èyí tó bá jẹ́ ti Àbẹ̀ní, wọn a ní ti Àdùkẹ́ ni. Ẹni tó bá ń gbọ́ láti ọ̀run yóò lọ sí ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọgbọ́n náà dára. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé wọn kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan, àwa náà kò sì mọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́.

Ẹ wo bí ó ṣe rí lójú ìyá mi. Ọmọ tiwọn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Ìyá Àgbà jù, òun ni wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ fún jù. Wọ́n dín ekùrọ́ títí ojú wọn fi pọ́n, wọ́n sẹ́ àdín náà sínú ìkòkò ńlá kan, wọ́n fi ewé dé e, wọ́n sì kígbe sí ìta pé, “Ti Àbẹ̀ní rèé o! Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án!” Ìyókù tó wà nísàlẹ̀, wọ́n dà á sínú kèrègbè kan tí kò ju ìkúùkù mi lọ. “Èyí tó o, Àdùkẹ́.” Igi tó gbẹ dáadáa, ti Àbẹ̀ní. Igi tútù, ti ìyá mi. Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ jókòó ti ọlọ, ó ń lọ osùn tí wọ́n ní tirẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgúnpá, ojú sì ń tì í.

“Ìyá, ṣé kò pọ̀ jù báyìí?”

“Ṣé ìwọ lò ń lọ̀ ọ́ ni, àbí ẹnu rẹ? Máa lọ̀ ọ́.”

Iṣẹ́ ilé ni ìyá mi gbájú mọ́. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń kí Ìyá Àgbà lórí ìkúnlẹ̀ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọn kì í jẹun tán mọ́. Obìnrin kan tí a ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́kọ, tó máa ń kiri gba iwájú ilé wa, ni ó wá fi iyọ̀ sí egbò náà. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó wo inú ilé, ó wo ojú ìyá mi.

“Àdùkẹ́, n kò sọ nǹkan kan o. Ojú mi ló rí i. Wọ́n gbé ìkòkò fún ẹnì kan, wọ́n gbé kèrègbè fún ẹnì kan.” Ó já ewé ẹ̀kọ kan. “Àgbàlagbà kì í kúkú fi àdín ṣòfò.”

Ìyá mi ra ẹ̀kọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀já ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìyá Àgbà máa ń hun kíjìpá nínú yàrá wọn. Wọ́n hun ọ̀já ìpọnmọ méjì. Èkíní jẹ́ òwú tuntun, ó funfun, ó nípọn. Èkejì, òwú àṣẹ́kù oríṣiríṣi ni wọ́n so pọ̀. Wọ́n tẹ́ méjèèjì sórí ẹní lójú wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

“Funfun yìí, ti Àbẹ̀ní ni. Àdùkẹ́, ìwọ ló ni àṣẹ́kù.”

Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà lọ ṣẹ́gi. Ìyá mi di aṣọ díẹ̀ sínú ìdì kan, wọ́n ní kí n mú igbá omi. Àbẹ̀ní gbójú sókè lẹ́bàá ọlọ.

“Ìyálé mi, níbo lẹ ń lọ pẹ̀lú ikùn yẹn?”

“Ibi tí wọ́n ti ń retí mi,” ni ìyá mi dáhùn.

Lálúpọn la dorí kọ, sí ilé bàbá wọn. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ewé, ẹsẹ̀ wa ń pariwo lórí wọn. Ìyá mi ń rìn, wọn a dúró, wọn a di igi mú, wọn a tún rìn. Nígbà tí wọ́n dúró ní ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo rí i pé òógùn ń bọ́ lójú wọn nínú òtútù yẹn. Ahéré kan wà lẹ́bàá ọ̀nà nínú oko iṣu ẹnì kan tí a kò mọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó síta, kí n máà wẹ̀yìn. Mo jókòó. Mò ń ronú pé bí ìyá mi bá kú síbẹ̀, n kò mọ ẹni tí mo lè pè.

Ohùn Àbẹ̀ní ni mo kọ́kọ́ gbọ́, tó ń pe orúkọ mi lójú ọ̀nà. Ìyá Àgbà wà níwájú rẹ̀, wọ́n gbé ìkòkò àdín náà mọ́ àyà, òṣùká tí wọ́n fi ru igi ṣì wà lórí wọn, wọn kò rántí mú un kúrò. Àbẹ̀ní ń mí hẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ pupa fún osùn, ọ̀já funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n kọjá lára mi wọlé. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe ògiri ahéré náà, mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

“Àdùkẹ́, kí ni mo fi ṣe ọ́?”

“Ẹ padà lọ bá ìyàwó yín. Gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀ fún un.”

“Jẹ́ kí n dì ọ́ mú.”

“Ẹ má fọwọ́ kàn mí! Ẹ ti mọ̀ pé tèmi yóò kú, ni ẹ kò ṣe pèsè.”

Ìyá mi tún kérora.

“Ìyá,” ni Àbẹ̀ní wí, “ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́nà, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, èmi yóò sọ ọ́.”

Mo mọ̀ nísinsìnyí ohun tó wà níwájú Ìyá Àgbà. Bí wọ́n bá sọ ọ́, wọn yóò ti dárúkọ ọmọ fún àwọn tó ń wá a. Bí wọn kò bá sọ ọ́, ìyá ọmọ kò ní gbà kí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀. Ohùn wọn wálẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

“Tìrẹ ni. Ìkòkò yìí, tìrẹ ni. Ọ̀já funfun, tìrẹ ni. Osùn, igi gbígbẹ, tìrẹ ni gbogbo rẹ̀. Kèrègbè yẹn ni ti Àbẹ̀ní. Ẹ̀rù pé wọn yóò tún gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ ló bà mí tí mo fi pè é bẹ́ẹ̀.”

Lójijì ni Ìyá Àgbà sáré jáde, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n wo igbó lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n wá kígbe tí ẹyẹ fi fò:

“Irọ́ ni mo pa o! Gbogbo ẹ̀yin tó ń gbọ́, irọ́ ni! Ewúrẹ́ ni mo ń pèsè fún!”

Láti inú ahéré, mo gbọ́ ohùn ìyá mi. “Ewúrẹ́ tí kò léyín mọ́?”

Àbẹ̀ní ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi bá a rín in, ẹ̀rín náà mú wọn, kò fi wọ́n sílẹ̀, ó di igbe, wọ́n sì ń pe, “Ìyá, ẹ wá, ẹ dì mí mú.” Ìyá Àgbà wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe kejì, tín-ín-rín, tí n kò gbọ́ rí.

Obìnrin ni. Wọ́n fi àdín pa á lára, wọ́n fi ìborùn Ìyá Àgbà tó ti gbó wé e, a sì ń pè é ní Abíọ́nà. Ẹ má rò pé ẹ̀rù tán níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu. Ìyá Àgbà gbé ẹní wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìn ín. “Ewúrẹ́” ni wọ́n ń pè é. Àbẹ̀ní bí ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀, a pín àdín náà fún àwọn méjèèjì, síbẹ̀ Ìyá Àgbà ń tẹ́tí sí èémí Abíọ́nà títí ó fi rìn. Ó wà ní Lálúpọn títí di òní, ó ń ta gàrí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Ìyá Àgbà kò fi àṣà sílẹ̀. Nígbà tí Àbẹ̀ní tún lóyún, wọ́n ṣì ń kígbe síta pé ti Àdùkẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wí bẹ́ẹ̀ tán, wọn a kọjá lẹ́bàá aboyún, wọn a já a léèékánná lápá. Ọ̀run kò rí i. Ẹni tó ni ín ti mọ̀. Ìyá mi gba àṣà náà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìyàwó mi kọ́kọ́ lóyún, ó dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú apá pupa, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ìyá wa já mi léèékánná lónìí,” ni ó wí, ó sì sùn dáadáa. Gbogbo wọn ti lọ báyìí, ìyàwó mi náà.

Ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Ọlọ́runṣògo wá kí mi ní Sátidé. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ ohun tí yóò mú dání fún un, ó sì tú agbọ̀n rẹ̀ sórí ibùsùn mi: fìlà, ọṣẹ, aṣọ ìnura. “Bàbá, ẹ wò ó, ti ọmọ mi nìyí, èyí náà ti ọmọ mi.” Mo dìde, mo ti fèrèsé. N kò sọ pé ohun tó ṣe kò dára. Ọmọ tó ń yè nísinsìnyí pọ̀ ju ti ìgbà wa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ká gbogbo rẹ̀ tán, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ ìjókòó yẹn. Kò sí ìyá lẹ́yìn rẹ̀.

Mo sún mọ́ ọn, mo já a léèékánná lápá.

“Bàbá! Kí ni mo ṣe?”

Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Mo wá sọ ìtàn yìí fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ó na apá kejì sí mi.