Irun Tí Mo Ní Kí Wọ́n Má Tú

Èmi ni mo ní kí wọ́n má tú irun Àǹtí. Kò sẹ́ni tí mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé ní East Flatbush, nílùú òyìnbó. Lọ́sàn-án Sátidé, tí wọ́n bá ti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó dé, wọn á jókòó ti hítà tó ń mú ilé móoru, wọn á máa fi òwú dúdú kó irun orí ara wọn. Èmi ni mo máa ń di dígí mú.

"Gbé e sókè díẹ̀, jàre. Àbí ojú ara ẹ lò ń wò ni?"

"Ojú yín ni, mà."

"Irọ́ ẹ pọ̀. Arẹwà!"

Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn àdí àgbọn, ilé yẹn ni mo máa ń rí.

Àfi bí wọ́n ṣe ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ọ̀nà ilé. Ìrìn wọn ò gún mọ́, apá wọn á sì kàn ta lójijì bí ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti di ọsibítù. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Kalifóníà, ó fẹ́ wọ bàálù wá. Mo ní, "Sístà mi, ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí èsì àyẹ̀wò jáde ná."

Àyẹ̀wò tó kù ni pé kí wọ́n lẹ wáyà mọ́ orí Àǹtí, kí ẹ̀rọ lè ka bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Obìnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà ní ká tú irun, kí wáyà lè kan awọ orí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tí Àǹtí tú irun sílẹ̀ lójú àlejò ni ìgbà tí ọkọ wọn kú. Lójú mi, ṣe ni wọ́n fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ọ̀fọ̀ ẹni tó ṣì ń mí. Obìnrin náà ní ẹ̀rọ kì í fi iná mànàmáná sórí èèyàn, pé ṣe ló kàn ń gbọ́. Mo ní rárá. Ó tún padà wá. Mo ní rárá. Ọjọ́ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń tán lẹ́nu Àǹtí.

Nígbà tí mo gbà, èmi fúnra mi ni mo tú u. Láti ìpàkọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń tú òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àǹtí di ojú.

"Ọmọ mi, o ti dé? Ọwọ́ ẹ mà rọ̀ o. Má dá ara ẹ lẹ́bi pé o jìnnà. Mi ò bínú sí ẹ rí."

Sístà mi ni wọ́n rò pé ó dé. Mo dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Mọ́mì." Wọn ò tún sọ nǹkan tó yéni mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Lójú ẹ̀rọ, ìlà kan á rọra lọ, á ta ṣóńṣó sókè, á lọ, á tún ta, bákan náà, bí ọmọ odó tí kò sinmi. Dókítà ní èyí, pẹ̀lú àwòrán orí àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n ti yẹ̀ wò, fi hàn pé àrùn tí wọ́n ń pè ní píríọ́nù ni, tó ń ba ọpọlọ jẹ́ wéréwéré. Kò sì sí oògùn rẹ̀. Mo pe sístà mi. Ó dé. Àǹtí wò ó bí ẹni ń wo ògiri.

Lọ́jọ́ tá a sin wọ́n, ó bi mí pé, "Ṣé Mọ́mì bèèrè mi?"

"Wọ́n bèèrè yín."

Mi ò lè sọ ìyókù. Kí n tó sọ ohun tí wọ́n wí, mo gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó dáhùn lórúkọ rẹ̀, àti ìdí tí òun kò fi sí níbẹ̀ láti dáhùn fúnra rẹ̀.

Hítà náà ṣì ń kùn ní Sátidé. Òòyà Àǹtí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sístà mi ń bọ̀ wá kó ẹrù wọn. Ọ̀rọ̀ tí Àǹtí sọ yẹn, tirẹ̀ ni. Ọwọ́ mi ló ṣì wà.