Ahá Ìyá Mi àti Ọ̀nà Odò

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìgàndó níbí, ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni ọ̀nà odò ti bẹ̀rẹ̀. Òkè odò la ti ń pọn omi mímu, ìsàlẹ̀ la ti ń fọṣọ. Bí ọmọ kan bá ki ìkòkò eléèédú bọ òkè odò, èébú tó máa gbọ́ lọ́jọ́ náà, kò ní gbàgbé. Èmi náà gbọ́ ọ rí. Ìyá mi so ahá kan mọ́ ẹ̀ka igi létí omi, kí ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ lè fi bomi mu. Kò sẹ́ni tó jí i rí.

Nígbà tí bàbá mi àti àwọn àgbà ẹbí ń pín ilẹ̀, wọ́n pe àwọn tó ń wọnlẹ̀, wọ́n ṣèwé gbogbo rẹ̀, àfi ọ̀nà odò. Wọ́n ní ọ̀nà odò kì í ṣe ti ẹnì kan, orúkọ ta ni wọ́n fẹ́ kọ sí i? Ọgbọ́n la pè é nígbà náà. Áà, ibẹ̀ la ti ṣìṣe.

Olówó kan ra ilẹ̀ ọ̀tún, ó ra ti òsì, ó fi géètì dí ọ̀nà wa. A fẹjọ́ sùn ní káńsù, wọ́n ní ká mú ìwé wá. Ìwé wo? Ẹgbẹ́ òṣèlú kan wá ṣèlérí pé àwọn á ṣí ọ̀nà, àwọn á sì tọ́jú omi. A dìbò fún wọn, wọ́n wọlé, a ò rí wọn mọ́. Òmíràn tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà wá. Ẹ má dá mi lóhùn jàre, èmi yìí ni mo ń ti ojúlé dé ojúlé polongo fún wọn. Ìyá mi ti darúgbó, ó ń sọ lójoojúmọ́ pé òun fẹ́ mu omi odò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kóun tó lọ, mo sì ti búra fún un pé àwọn wọ̀nyí á ṣe é.

Wọ́n kúkú ṣe é. Nígbà tí ìbò mìíràn ń bọ̀, wọ́n wó géètì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Mo di ìyá mi lọ́wọ́ mú, òun náà mú ahá rẹ̀, èyí tó ti tú wálé kí géètì tó dé, dání. Omi ti dúdú. Páìpù ṣáláńgá àwọn ilé tuntun ló ń tú sí òkè odò. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dà á nù.

Ó ní, “Kì í ṣe ibí. Mú mi lọ sílé.”

Ó dùn mí wọnú eegun.

Kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó béèrè omi. Mo fi eyín já píọ̀ wọ́tà, mo dà á sínú ahá fún un. Ó wo inú ahá náà pẹ́, ó wo ojú mi, ó wá mu ún. Kò béèrè omi mọ́ títí tó fi lọ.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin ò mọ omi mìíràn ju ti inú ọ̀rá lọ, ẹ ò sì jẹ̀bi. Lánàá, àwọn olóṣèlú tún wá, wọ́n ní kí n bá àwọn polongo nítorí odò. Ahá ìyá mi ni mo kàn ń wò lára ògiri.