Àwọn Iwin Tí Bàbá Mi Fi Ránṣẹ́ sí Alakahia

Òjò ló ba ìwé náà jẹ́. Òrùlé yàrá wa ní Alakahia, nítòsí yunifásítì Port Harcourt, ti ń jò láti ọjọ́ tí a ti gbà á, a sì mọ ibi tó ń jò sí. Abọ́ kan wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn omi gba ojú ihò mìíràn, ó ń kán sórí páálí tí èkejì mi, ẹni tí a jọ ń gbé yàrá náà, ń kó ìwé rẹ̀ sí. Nígbà tí a ó fi ti ibi tí a ti lọ pọn omi dé, ìdajì ìwé náà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ọmọ Kalabari ni èkejì mi yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sókè òkun, òun ló bá a ra ìwé náà bọ̀, pẹ̀lú àpò kékeré kan tí dáìsì wà nínú rẹ̀. Dáìsì náà kì í ṣe irú ti lúdò tí a mọ̀. Òmíràn ní ojú mẹ́jọ, òmíràn ní ogún. Àwọn ẹ̀dá abàmì ló kún inú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: elérí méjì, abìyẹ́ tí ń tu iná lẹ́nu, èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ òkúta. Wọ́n ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó sísàlẹ̀, bí awọ rẹ̀ ṣe le tó, àti iye ọgbẹ́ tó lè gbà kó tó kú.

Ẹnu la fi ń ṣe eré náà. Ẹnì kan á jẹ́ olùdarí, á máa sọ ìrìn àjò fún àwọn yòókù: ẹ ti dé ẹnu ihò kan, ẹ gbọ́ nǹkan tó ń mí nínú rẹ̀, kí lẹ fẹ́ ṣe? Ìwọ á sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, wàá da dáìsì, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Èkejì mi ni olùdarí. Èmi àti aládùúgbò wa tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa ni arìnrìn-àjò. Ọmọ Ikwerre ni aládùúgbò yìí, ilé àwọn òbí rẹ̀ kò jìnnà sí oríta Rumuokwuta.

Mi ò lè sọ pé mo fẹ́ràn eré náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àárín àwọn ọdún 1980 ni, àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti bí oṣù méjì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ti lọ sílé. Èmi kò lọ. Odindi ọjọ́ kan ni ènìyàn máa fi jókòó nínú ọkọ̀ kó tó dé ìlú wa lẹ́yìn Iléṣà, ó sì ti sú mi láti máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí mi pé mi ò mọ ìgbà tí a máa wọlé. Ẹ̀gbọ́n ìyá aládùúgbò wa ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi taípúráítà tẹ̀wé ní Rumuokwuta, ó gbà mí síbẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé ẹjọ́, àti ètò ìsìnkú àwọn ẹni tí mi ò mọ̀. Tí mo bá padà dé, ìka mi á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀. Mo tún máa gbé korobá lọ sí ilé kẹta lọ pọn omi. Lẹ́yìn náà la máa jókòó sórí ẹní, a ó ṣe eré wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé fún wákàtí kan, kò sí ẹni tó máa béèrè ohunkóhun tí dáìsì kò lè dáhùn.

Lẹ́yìn òjò yẹn, èkejì mi tú ìwé náà, ó sá àwọn ojú ewé sórí okùn bí aṣọ. Àwọn tó wà níwájú ṣeé kà díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Aládùúgbò wa ló sọ pé kí ló dé tí a ń ṣọ̀fọ̀ iwin òyìnbó, ṣé ìlú wa kò ní tirẹ̀ ni? Kí oníkálukú lọ mú ti ilé rẹ̀ wá. Bí a ṣe fẹnu kò sí i nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì èkejì mi ti kọ mẹ́fà, gbogbo wọn ẹ̀dá inú omi, ó mọ irú ìlẹ̀kẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń so mọ́rùn. Aládùúgbò wa lọ bá ìyá rẹ̀, ó kó àwọn tí ń jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà oko bọ̀. Ó wá kàn mí, mi ò ní nǹkan kan. Orúkọ lásán ni mo mọ̀. Inú ìjọ ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ iwin nílé wa.

Bàbá mi tilẹ̀ kì í sọ ohunkóhun. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ń to lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Bí ẹni tó ń kọ tẹligíráàmù, tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ná an lówó, ló ṣe máa ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò. Ìlà mẹ́ta ni lẹ́tà rẹ̀ sí mi: ara wa le, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, ìyá rẹ ń kí ọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò mọ̀wé, bàbá mi ló ń ka lẹ́tà fún un, nítorí náà bàbá mi ni mo kọ̀wé sí. Mo ní bí ìyá mi bá rántí ìtàn egbére àti àwọn yòókù, kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, a fẹ́ fi ṣe eré kan ni.

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. "Ṣé iwin ni mo rán ọ lọ kà ní Port Harcourt? Bí ilé ìwé kò bá tíì wọlé, máa bọ̀ nílé. Ìyá rẹ ń kí ọ."

Mo ká a, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò tíì dáhùn nígbà tí òmíràn dé, ó nípọn. Ojú ewé márùn-ún ni.

"Ìyá rẹ kò mọ nǹkan kan nípa egbére," bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. "Èmi ni mo mọ̀ ọ́n."

Ó ṣàlàyé bó ṣe kúrú tó, bó ṣe ń sunkún láìdákẹ́ pẹ̀lú ẹní rẹ̀ lábẹ́ apá, àti pé ẹni tó bá gba ẹní náà tó sì fara da ẹkún rẹ̀ fún ọjọ́ méje á di olówó. Lẹ́yìn náà ló kọ pé nígbà tí òun wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò òun kú. Ìyá òun kò dákẹ́ ẹkún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan òun gbọ́ ẹkún mìíràn lẹ́yìn ilé, òun rò pé egbére ni, òun sì yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ síbẹ̀ láti gba ẹní rẹ̀, kí ìyá òun lè di olówó kó sì dákẹ́. "Ẹni tó ń sunkún níbẹ̀ kì í ṣe egbére. Bàbá mi ni, ó kọjú sí ògiri. Fi ìyẹn sílẹ̀, kò kan eré yín. Ohun tó kàn yín ni pé egbére kò ga ju ìkòkò omi lọ."

Mi ò mọ̀ pé bàbá mi ní àbúrò kankan tó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà náà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò fi ti àbúrò rẹ̀ sí i. Mo fi kábọ́ọ̀nù sáàárín bébà kí n lè rí ẹ̀dà kan fi ránṣẹ́ sí i. Ó dá ẹ̀dà náà padà pẹ̀lú bírò pupa. Ó ní mo sọ egbére di ẹranko, kì í ṣe ẹranko, kí n tún un kọ.

Orí ọgbẹ́ la ti jà. Èkejì mi fẹ́ mọ iye ọgbẹ́ tí egbére lè gbà kó tó kú. Mo kọ̀wé bi bàbá mi, ó ní kò sí ẹni tó ń pa egbére. Èkejì mi ní ohun tí kò lè kú kò lè wọ inú eré. Aládùúgbò wa rẹ́rìn-ín títí. "Which kain spirit dey cry because of mat?" ló ń sọ. A fà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Níkẹyìn, èkejì mi kọ ọ́ pé ẹni tó bá gba ẹní egbére á da dáìsì lẹ́ẹ̀méje, ẹ̀ẹ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá kéré lẹ́ẹ̀kan péré, sùúrù rẹ̀ ti tán, á dá ẹní padà. Mo kọ ọ́ sí bàbá mi. Ó fèsì pé ẹni tó ronú ìyẹn gbọ́n, kí n bá òun kí i.

Láti ìgbà náà, lẹ́tà kan ń dé lọ́ọ̀sẹ̀, iwin kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣìgìdì. Àrọ̀nì ẹlẹ́sẹ̀ kan. Àǹjọ̀nú. Èyí tí ń gbé inú igi àràbà. Mo rí i pé ìkọ̀wé rẹ̀ ti ń fì sápá kan, mo rò pé bírò ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n rọ́ iṣẹ́ oṣù mẹ́rin sínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìdánwò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣì ń lọ tẹ̀wé lọ́jọ́ Sátidé. Ibà mú mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni mo dúró sí tí mo ka lẹ́tà kọkànlá. Akúdàáyà ló kọ nípa rẹ̀. "Akúdàáyà kì í ṣe ẹni à ń bá jà. Ẹni tó kú nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí ni. Á lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, á gba ilé, á máa ṣòwò. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá dé ibẹ̀, á kó ẹrù rẹ̀. Ẹ má kọ ọgbẹ́ kankan sí i." Nísàlẹ̀, ó béèrè pé: "Èwo lẹ ti ṣẹ́gun nínú gbogbo wọn? O kò sọ fún mi rí."

Mo fi í sínú báàgì. Mo ní tó bá di Sátidé màá dáhùn. Sátidé mẹ́ta kọjá. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ó rẹ̀ mí ni, mo sì rò pé ọ̀la pọ̀.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì láàárín ìgboro ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n ní kí o máa bọ̀ nílé. Ara Bàbá kò yá." Kò wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́lẹ̀, mo sì dìde.

Bàbá mi ti kú kí n tó délé. Ìyá mi sọ fún mi pé ọkàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹnikẹ́ni má kọ̀wé sí mi nítorí ìdánwò. Kò sì mọ ìdajì àwọn iwin náà tẹ́lẹ̀ kó tó kọ wọ́n sí mi. Ọ̀pá ló fi ń rìn kiri ìlú, ó ń lọ bá àwọn àgbàlagbà tí kò kí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń bi wọ́n bí àrọ̀nì ṣe ga tó. Àwọn ará àdúgbò rò pé orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú. "Kò sọ̀rọ̀ tó báyẹn láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi," ni ìyá mi wí. Mo rí àwọn ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù mi lórí tábìlì rẹ̀, ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe dé, ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dì wọ́n bí wọ́n ṣe ń di lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

Mo padà, mo ṣe ìdánwò. Mi ò rántí ìbéèrè kankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tẹ akúdàáyà, mo fi kún àwọn yòókù, mo sì kó gbogbo rẹ̀ fún èkejì mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan àwọn méjèèjì ní kí a ṣe eré lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ó rẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n ṣáà jókòó.

Èkejì mi bẹ̀rẹ̀. Ó ní a ti dé ìlú kan tí a kò mọ̀, ọjà ń ná, bàbá àgbà kan ń ta ìṣó lẹ́bàá ọ̀nà, kò gbójú sókè. Níbẹ̀ ni ohùn èkejì mi ti rẹlẹ̀: akúdàáyà ló gbé kalẹ̀. Mo rí i pé kò ronú ohun tó ń ṣe títí ó fi ṣe é. Ó fẹ́ yí i padà, mo ní kó má yí i.

Ó béèrè pé, "Kí lo máa ṣe?"

Aládùúgbò wa ti mú dáìsì dání. Mo ní, "Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn."

"Kí lo sọ?"

"Mo sọ fún wọn pé a kò tíì ṣẹ́gun ìkankan. Egbére nìkan la gbìyànjú, ó sì gba ẹní rẹ̀ padà lọ́jọ́ kẹrin."

Èkejì mi kò dáhùn bí bàbá àgbà náà. Ó kàn ní, "Wọ́n gbọ́." Aládùúgbò wa dá dáìsì padà sínú àpò láìdà á. Mo sunkún, wọn kò ní kí n dákẹ́.

Nígbà tí a parí ẹ̀kọ́, èkejì mi kó àkójọ náà lọ torí òun ni olùdarí. Ó kọ̀wé sí mi nígbà tó yá pé ó sọnù nígbà tí òun ń kó ẹrù kúrò ní ilé kan. Aládùúgbò wa ti lọ́kọ, ó kọ́lé sí Eneka, a máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ríṣẹ́ sí báǹkì ní Port Harcourt, níbẹ̀ ni mo sì wà. Pijin àti Gẹ̀ẹ́sì làwọn ọmọ mi gbọ́ jù. Wọn kò lè ka lẹ́tà bàbá mi.

Mẹ́jọ ló kù lọ́wọ́ mi, ikán ti jẹ yòókù. Ọkọ mi ní kí n túmọ̀ wọn sínú ìwé kan fún àwọn ọmọ. Mo ra ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti báǹkì dé, tí mo bọ́ bàtà, tí mo jókòó, ìlà kan tàbí méjì ni mo máa ń kọ kí oorun tó gbé mi lọ lórí àga. Ó ti di ọdún méjì báyìí. Mo ṣì wà lórí lẹ́tà kẹta.